Fóònù Ìyá Sáúdátù

Ó wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìta Àmọ́dù
lẹ́yìn ìrun láásárì, amọ̀ ìkòkò ṣì wà léèékánná rẹ̀.
"Ó ní òun ti kún," ó na fóònù sí mi,
"ó ní kò sí àyè fún nǹkankan mọ́.
Ọmọ, ṣé irin náà máa ń yó ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí àìsàn fóònù tí n kò tíì rí:
èyí tó já sínú kànga,
èyí tí ọkọ sọ mọ́ ògiri nítorí ìpè òru kan.
Ti kíkún ló rọrùn jù. Kí a ṣáà máa pa nǹkan rẹ́.

Mo ṣí ibi àwòrán.
Ṣíbí. Lẹ́yìn ṣíbí, ojú ìwé kan láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì:
bí a ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu omi.
Bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan péré. Lẹ́yìn bàtà,
ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ iléèwé girama yóò parí.
Ìyẹ́ adìẹ. Lẹ́yìn ìyẹ́,
oògùn lùkúlùkú, iye rẹ̀, ẹni tó ń tà á ní Gánmọ.
Igi ìdáná tó rin gbingbin.
Lẹ́yìn igi, bí òjò yóò ṣe rọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sun ìkòkò l'Ókèlele.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká pa ṣíbí yìí rẹ́, àti bàtà, àti igi.
Wọ́n kàn ń jẹ àyè ni."
Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi
bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ alágbàtọ́ tó ń tòògbé.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo lè kàwé?
Sáúdátù ló ń bá mi wá a. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan,
bílẹ̀ bá mọ́, ó ti padà sí Ọ̀fà, sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀.
Gbogbo ojú ìwé ló jọra lójú mi,
èèrà tó tò lọ lára ògiri.
Torí náà, kí n tó fi ọ̀kan pamọ́,
mo máa ń ya ohun tí mo mọ̀ síwájú rẹ̀.
Lóru tí inú ọmọ Báyérò ń ṣàn,
ṣíbí ni mo wá, mo sì rí i.
Mo gbé e fún ọlọ́kadà tó ń kọjá, òun ló kà á fún wa.
Bó o bá pa ṣíbí, ta ni yóò júwe ọ̀nà?"

Mo dákẹ́. Mo ń yí àwòrán lọ.
Mo bá ọ̀kan pàdé: ògiri funfun,
kò sí èèrà kankan lára rẹ̀, kò sí ìwé lẹ́yìn rẹ̀.
"Èyí ńkọ́, Ìyá?"
Ó wò ó títí.
"Mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ lọ́jọ́ náà.
Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó lè padà wá."

Kí la wá pa? Òdòdó ẹlẹ́ẹ̀rín, igba ó lé mọ́kànlá,
tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi ń kí i kú Jímọ̀.
"Ìyẹn, pa á dànù. Jímọ̀ tó lọ ti lọ."

Èmi tí mo kàwé dé Pólì,
mo ní ẹgbẹ̀rún méjì ojú ìwé nípamọ́ de "tó bá yá":
èdè Faransé lógójì ọjọ́, ilé kíkọ́ lówó pọ́ọ́kú,
bí a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹni.
Mo tò wọ́n sínú fódà, fódà nínú fódà.
N kò padà débẹ̀ rí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, iná ti lọ,
mo fi tọ́ọ̀ṣì wá fìlà tí Músílíù gbàgbé sílé mi
lọ́dún tí a jà. Mo gbé e lé orí tábìlì,
mo ya fótò rẹ̀.